Àwọn Ọmọláńgidi Ọjọ́ Sátidé

Fábíyìí kò dúró.

Jọláyẹmí ti na àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ náà síta bó ṣe máa ń ṣe, ẹ̀rín ìkíni ti wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì funfun náà ré kọjá níwájú rẹ̀, eruku rẹ̀ sì bo bàtà rẹ̀. Ó rí Fábíyìí dáadáa lórí ìjókòó awakọ̀. Iwájú gan-an ló ń wò, ọrùn rẹ̀ le gbagidi, bí ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ wo ẹ̀gbẹ́. Kò fọn fèrè. Kò sì sí èrò kankan nínú ọkọ̀ náà.

Láti ọdún kan sẹ́yìn, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni Fábíyìí ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Jọláyẹmí ní Ìkìrun, létí ọ̀nà tó lọ sí Inísà àti Òkukù. Ojú ọ̀nà yẹn ló ti ń kó èrò. Á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, á na ọwọ́ gba àpò ìwé, á sì gbé e síwájú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní jókòó lé e. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà pé ó ti dé," ni yóò wí. Kò sì ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí àpò ìwé náà á fi wà lọ́wọ́ Ìbùkún, ọmọ kan ṣoṣo tí Jọláyẹmí bí, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Inísà.

Ọmọláńgidi bébà ló máa ń wà nínú rẹ̀. Jọláyẹmí á ya ènìyàn kan sórí bébà líle, á kùn ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì ya aṣọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bá a mu. Aṣọ kọ̀ọ̀kan ní etí kéékèèké tí a lè ṣẹ́ mọ́ èjìká ọmọláńgidi náà. Kí ọmọ ṣáà mú àlùmọ́gàjí, kó gé wọn jáde, kó máa wọ aṣọ fún un, kó máa bọ́ ọ, kó sì fi ṣeré. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ti fi ránṣẹ́. Sátidé márùn-ún péré ló fò láàárín ọdún náà, mẹ́ta nínú rẹ̀ nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀.

Ti Sátidé yìí ju àwọn yòókù lọ. Lẹ́tà kan ti dé láti Ìbàdàn ní ọjọ́bọ̀, ó sì wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ báyìí. Olóòtú ilé ìtẹ̀wé kan ló kọ ọ́. "A ti rí ẹ̀dà àwòrán méjì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a sì fẹ́ fi gbogbo iṣẹ́ ọdún náà ṣe ìwé fún àwọn ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ojúlówó wọn tẹ̀ wá lọ́wọ́ kí oṣù kẹta yìí tó parí." Jọláyẹmí ti kà á tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ bébà náà fẹ́ já. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ogún ọdún ló ti fi ń ya ẹyẹ, egungun ẹja àti àwòrán ilẹ̀ sínú ìwé àwọn ẹlòmíràn, tí orúkọ rẹ̀ kì í sí níbẹ̀, tàbí tó bá wà, á kéré bí orúkọ tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́. Èyí ni yóò jẹ́ ìwé tirẹ̀ àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Ìbùkún ni ojúlówó wọn wà. Ó ti kọ ìwé pélébé kan sínú àpò ìwé ti òní, láti bẹ Morẹ́nikẹ́, ìyá ọmọ náà, pé kó kó wọn fún Fábíyìí padà wá. Fábíyìí sì ti kọjá lọ.

Ó dúró díẹ̀ létí títì. Lẹ́yìn náà, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba gáréèjì lọ. Bí ó ti ń lọ, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó dára bẹ́ẹ̀. Yóò fojú rí ọmọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kó lọ.

Nínú ọkọ̀, ó fi àpò ìwé lé itan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Wọ́n ti jáde ní Ìkìrun kí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ́kàn rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún tó kọjá ni. Àwòrán ẹ̀dọ̀ àti ìfun ewúrẹ́ kan ni wọ́n gbé fún un láti yà sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló sì fi ṣe é. Ìbùkún, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, fẹ́ bá a fi búrọ́ṣì kùn ún díẹ̀. Ó na ọwọ́, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá ìgò yíǹkì, yíǹkì sì ṣàn bo gbogbo rẹ̀. Kí Jọláyẹmí tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti gbá ọmọ náà létí. Ọmọ náà ṣubú lu ẹsẹ̀ tábìlì, ètè rẹ̀ sì bẹ́.

Bí ó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀ nìyẹn, bóyá Morẹ́nikẹ́ ì bá dárí jì í. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Morẹ́nikẹ́ fi sáré dé láti ilé ìdáná, ọmọ wà nílẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀, Jọláyẹmí sì di bébà mú lókè, ó ń jẹ́ kí yíǹkì ro kúrò lára rẹ̀.

Kò pariwo. Ó gbé ọmọ rẹ̀. "Bàbá Ìbùkún," ló wí, "bébà lẹ kọ́kọ́ gbé." Lọ́jọ́ kejì, ó kó ẹrù lọ sí Inísà, níbi tó ti ń ṣe olùkọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Jọláyẹmí lọ wò wọ́n, ní oṣù kejì. Bí Ìbùkún ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìtọ̀ sì ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wá sílẹ̀. Jọláyẹmí padà sí Ìkìrun lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ojú tí kò lè gbé sókè. Ó pinnu pé òun kò ní jẹ́ kí ọmọ òun tún rí ohun tó lè dẹ́rù bà á bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta, ó ya ọmọláńgidi àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ ewé, ó sì dá Fábíyìí dúró lójú ọ̀nà.

Bí ọdún náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ya nọ́ọ̀sì. Ó ya agùnbánirọ̀ pẹ̀lú káàkí rẹ̀ àti fìlà rẹ̀. Ó ya ìyá arúgbó kan pẹ̀lú òfì mẹ́ta, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ka fọ́nrán òwú inú òfì náà kí ó baà lè rí bí ó ṣe rí ní tòótọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, ó ya ọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n bíi tirẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù tí ọ̀dà ta sí lára. Ní oṣù kejìlá, ó ya ìyàwó ọ̀ṣìngín, ó sì ya aṣọ ìgbéyàwó Morẹ́nikẹ́ gan-an fún un, títí dé bọ́tìnnì tó já lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ó ń retí kí Morẹ́nikẹ́ sọ ohun kan. Ohun tí Fábíyìí mú bọ̀ kò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. "Ìbùkún ní ẹ ṣeun, sà."

Iṣẹ́ rẹ̀ kò dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje, tí epo bẹntiróòlù wọ́n tí ọkọ̀ kò rìn mọ́, Fábíyìí gun kẹ̀kẹ́ wá gba àpò ìwé náà nínú oòrùn, ó sì gùn ún lọ sí Inísà. Jọláyẹmí ròyìn rẹ̀ káàkiri àdúgbò nígbà náà pé òun kò tí ì rí ẹni tó fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀.

Ó rí bọ́ọ̀sì funfun náà kí ó tó rí ilé. Ó wà níwájú yàrá méjì tí Morẹ́nikẹ́ háyà ní Inísà, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n ti yọ àwọn àga inú rẹ̀ kúrò. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ti wà nínú rẹ̀, àti ẹní, àti ìkòkò tí wọ́n dì sínú aṣọ. Fábíyìí ń so okùn mọ́ ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù náà. Nígbà tó rí Jọláyẹmí, ó fi okùn sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"O kò dúró."

"Ojú ló tì mí, sà." Fábíyìí kò dìde kíákíá. "Mo ní kí n wá bá yín sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo dé iwájú ṣọ́ọ̀bù yín, mo tún padà."

Morẹ́nikẹ́ jáde pẹ̀lú àpótí ìwé lórí. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i bí ẹni tó ń kí àlejò. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìbùkún. Wọ́n ti gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òkukù. Òní ni à ń kó."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Àwọn ẹbí Fábíyìí ti lọ tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi níbẹ̀. A ti parí ọ̀rọ̀."

Jọláyẹmí wo ọkùnrin tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ náà. Ó wá ọ̀rọ̀ tó lè dun obìnrin náà, ó sì rí ọ̀kan. "Ilé abọ̀rìṣà ni wọ́n ti bí i. Ìwọ tí o kì í jẹ́ kí ìsìn kankan fò ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí lo rí lára rẹ̀?"

"Ó ń wá," ni Morẹ́nikẹ́ wí.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ó ń wá. Ẹ̀yin lẹ ń rán an, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ń wá. Á jókòó, á bi ọmọ léèrè pé kí ló jẹ. Nígbà tí ìjì òjò ká òrùlé wa, òun ló gun òkè lọ tún un ṣe." Ohùn rẹ̀ kò le. Bí ẹni tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún ọmọ kíláàsì ló ṣe ń sọ ọ́. "Ìkìrun kò jìnnà síbí, Bàbá Ìbùkún."

"Mo wá rí ọmọ mi," ni Jọláyẹmí wí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ síbi àpò tí lẹ́tà wà, ó sì yára sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

Wọ́n pe Ìbùkún. Ó jáde wá láti inú ilé, ó ti ga. Ó kúnlẹ̀ sí òkèèrè. "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ìbùkún mi. Èmi fúnra mi ni mo mú ti ọ̀sẹ̀ yìí wá."

Ọmọ náà dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àpò ìwé náà. Kò ṣí i. "Ẹ ṣeun, sà," ló wí, ní ohùn kan náà tí Fábíyìí fi ń jíṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún kan. Ó ń dúró kí ó gbọ́ ohun tó kàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Jọláyẹmí ti tò sílẹ̀ fún ọjọ́ yìí. Àìmọye ìgbà ló ti sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nígbà tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tó jáde ni, "Àwọn tó kù ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà?"

Ìbùkún wo ojú ìyá rẹ̀. Ọmọ náà wọlé, ó sì gbé páálí mílíìkì kan jáde, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Kí ó tó ṣí i, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn ọwọ́.

Wọ́n pé síbẹ̀. Wọ́n tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bébà pẹlẹbẹ tó mọ́ sì wà láàárín ìkíní àti ìkejì. Kò sí àmì ìka kankan lára wọn. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, agùnbánirọ̀ wà níbẹ̀, ìyá arúgbó pẹ̀lú òfì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, gbogbo wọn lórí bébà wọn bí ó ṣe yà wọ́n. Kò sí èyí tí wọ́n gé.

Inú Jọláyẹmí dùn. Ayọ̀ náà ló kọ́kọ́ dé. Láti ọjọ́bọ̀ ló ti ń bẹ̀rù pé àwọn ègé bébà tó ti ya ni yóò bá, tí yóò máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìwé náà ti di ṣíṣe nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, ó ń fi ìka gbé wọn sókè ní etí. Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó tún un kà.

"Ti àkọ́kọ́ dà? Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ aláṣọ ewé yẹn?"

Kò mọ̀ pé ohùn òun ti le. Ìgbà tó gbé ojú sókè ló rí i pé ọmọ náà ti fà sẹ́yìn. Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fábíyìí, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó sì fi ọwọ́ kejì bo ètè rẹ̀.

Nínú ilé kejì, ẹnì kan ń gún iyán.

"Sọ fún wọn," ni Fábíyìí wí jẹ́jẹ́. "Kò sí nǹkan."

"Mo gé e, sà," ni Ìbùkún wí láti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Apá rẹ̀ ya. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Mo wa ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò fọwọ́ kan ìkankan mọ́, kó má baà bàjẹ́."

"Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí o gé wọn. Àlùmọ́gàjí tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́? Kí o lè fi wọ́n ṣeré ni mo ṣe yà wọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ń gbà pẹ̀lú rẹ̀ lásán, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Jọláyẹmí wo inú páálí náà. Ó ti máa ń jókòó ní Ìkìrun, á máa fojú inú wo ọmọ rẹ̀ lórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọláńgidi yìí, bí ọmọ náà ṣe ń fún wọn lórúkọ, tó ń pààrọ̀ aṣọ wọn, tó sì ń dárí ji òun díẹ̀díẹ̀, Sátidé lẹ́yìn Sátidé. Ní gbogbo Sátidé wọ̀nyẹn, ohun tó ń fi ránṣẹ́ sí i ni ohun mìíràn tí kò gbọdọ̀ bàjẹ́.

"Ìwọ ló ni wọ́n," ló wí níkẹyìn. "Mú wọn lọ sí Òkukù. Gé wọn. Fa wọ́n ya, bó bá wù ọ́."

Ìbùkún tún wo ìyá rẹ̀, ó sì mi orí. "Ẹ máa kó wọn lọ, sà. Mámi ní ẹrù ti pọ̀ jù fún ọkọ̀." Ó rìn wá síbi bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìṣọ́ra, ó fi àpò ìwé tí kò ṣí náà lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó pa ìdérí páálí dé, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí ó lè dúró. Ó tún padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Fábíyìí.

Jọláyẹmí lè fi páálí náà sílẹ̀. Ó rò ó. Ó lè gbé e sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, láàárín ìkòkò àti ẹní, kó sì ya lẹ́tà Ìbàdàn sí wẹ́wẹ́ lójú wọn. Ó dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Morẹ́nikẹ́ fi padà sínú ilé láti gbé ẹrù mìíràn. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé páálí náà.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e dé gáréèjì," ni Fábíyìí wí.

"Kò wúwo."

Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Òkukù ló wọ̀ padà sí Ìkìrun. Obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ata lé ẹsẹ̀ súnra fún un. Ó gbé páálí náà lé orúnkún, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì gbá a mú ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti ń wọ kòtò. Obìnrin náà wò ó títí.

"Ẹ lọ kí ẹbí ni?"

"Ọmọ mi ni mo lọ rí."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́jọ."

"Ẹ kú oríire ọmọ. Ṣé ó jọ yín?"

Jọláyẹmí di ojú kí ó lè wò ó. Ó rí ọwọ́ ọmọ náà bí ó ti ń nù ún mọ́ aṣọ. Ó rí ìlà tó la irun orí rẹ̀ sí méjì nígbà tó tẹrí ba sórí páálí. Ó rí orúnkún rẹ̀ pẹ̀lú eruku. Ó ń wá ojú. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè ya ojú rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì láìwo ìwé. Ó tún gbìyànjú, láti iwájú orí wá sísàlẹ̀, bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí bébà. Ojú kan fẹ́ yọ, ṣùgbọ́n ojú ọmọ ọdún méje ni, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti ń yà láti ọdún kan. Ti òwúrọ̀ yìí kò wá. Ọmọ náà ti dúró níwájú rẹ̀, láàárín oòrùn, tí ènìyàn lè nawọ́ kàn án, bébà ni òun sì ń kà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Ó jọ mí."

Obìnrin náà ní kí Olúwa bá a wò ó dàgbà. Jọláyẹmí ṣe àmín.